Òògùn Etí Bísí

Ọjọ́ kan wà ní ọdún 1970 tí n kò lè gbàgbé, ọjọ́ tí wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín ní ilé ìwòsàn kan ní Port Harcourt.

Etí ń ro Bísí, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà, ara rẹ̀ sì gbóná. Dókítà kọ òògùn fún un. Ọkùnrin tó ń pín òògùn na kápúsù sí mi: "Na ear medicine." Ó ti ń pe ẹlòmíràn.

Nílé, mo fi òògùn náà síwájú ìyá ọkọ mi, mo ní òògùn etí ni, mo lọ pọnmi. Kí n tó dé, wọ́n ti tú kápúsù, wọ́n ti da ìyẹ̀fun rẹ̀ sí etí ọmọ. Bísí ń yí nílẹ̀, ó ń ké.

"Ìyàwó, ṣebí òògùn etí lo pè é?"

Ẹ̀rù bà mí pé ọmọ mi yóò di adití. Èmi àti ìyá ọkọ mi gbé e sáré padà sí ilé ìwòsàn. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé etí ń jẹun ni: "Mama, ear dey chop?" Ìyá ọkọ mi sorí kọ́. N kì í pariwo, ṣùgbọ́n mo pariwo mọ́ ọkùnrin náà títí nọ́ọ̀sì fi jáde wá fọ etí náà.

Bísí gbé kápúsù tó kù mì, etí rẹ̀ sì sàn. Inú ṣì ń bí mi. Ẹnu tí ọkùnrin yẹn fi rẹ́rìn-ín, òun náà ni ì bá fi sọ fún wa pé ẹnu ni wọ́n fi ń lo òògùn etí.