Icilda Bi Àwọn Oyin Léèrè Ìyá Wọn

Bí ẹ bá gba Flagaman, abúlé wa, kọjá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí ẹ rí obìnrin gíga kan tó dé fìlà ọkọ rẹ̀ tó ti kú, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó gbé etí lé àpótí pákó, Icilda Parchment nìyẹn. Àwọn àlejò máa ń rò pé àdúrà ló ń gbà. Oyin ló ń gbọ́.

Kí ìjì ńlá tó jà ní oṣù kẹwàá, àpótí oyin kún ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù, èyí tí igi gbẹ̀rẹ̀fútù wó bò, tí ìjì ò fi rí i gbé. Ìjì já gbogbo òdòdó, ó já ewé, ó sì ká òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. A ti gbàdúrà kó tó dé. Ohùn tèmi wà lára èyí tó ròkè jù. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí Icilda ṣí àpótí yẹn, kò sí ẹyin, kò sí ọmọ nínú afárá rárá. Oyin àgbà nìkan ló kù, àwọn yẹn ò sì ní pẹ́ kú tán. Bí kò bá sí ọmọ tí yóò rọ́pò wọn kí igi lógúwúùdù, tí oyin ń jẹ òdòdó rẹ̀, tó tanná, àpótí tó kù ti tán nìyẹn, oúnjẹ Icilda sì bá a lọ.

Vernal Ebanks, ọmọ àǹtí rẹ̀ tó máa ń sin ayaba oyin, ìyá tó ń yé gbogbo ẹyin inú àpótí, gbé ọ̀kan wá nínú àgò kékeré tó rí bíi páálí ìṣáná.

"Àǹtí Icilda, ìyá wọn ti kú. Ẹ jẹ́ ká fi tuntun yìí sí i. Wọ́n ń dúró dè mí ní Junction, àpótí tiwọn náà ò níyàá."

"O rí òkú ẹ̀?"

"Ṣé ẹ̀yin rí i láàyè ni?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n tébi bá ń pa ìyá, ṣé á máa bímọ?"

"Mẹ́fà ni ìyá tèmi bí o, ebi ò sì fìgbà kan kúrò nílé wa!"

Icilda rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbà. Ó ti kánjú bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi ayaba tuntun sínú àpótí kan tó rò pé kò níyàá. Nígbà tó máa fi padà débẹ̀, wọ́n ti ju òkú àlejò náà síta bí ìdọ̀tí. Ìyá wọn wà nílé, òun ni kò rí i.

"Lọ bá mi gé afárá tó lẹ́yin nínú wá látinú àpótí ẹ."

"Afárá tèmi? Ẹ mọ iye ṣúgà tí mo ti fún àwọn yẹn mu kí wọ́n tó yé ẹyin?"

"Mi ò ní jẹ ẹ́, Vernal."

Ó ráhùn, ó sì gé e wá. Icilda ki afárá náà sáàárín àwọn oyin rẹ̀. Bí wọn ò bá níyàá, wọ́n á mú díẹ̀ nínú àwọn ọmọ tó bá jáde, wọ́n á mọ ilé gígùn tó dorí kodò fún wọn, bí èèpo ẹ̀pà, kí ọ̀kan lè jẹ ayaba. Bí wọ́n bá níyàá, wọ́n á kàn tọ́ wọn bí ọmọ lásán.

Èmi aládùúgbò rẹ̀ bi í pé, "Sìsítà, kí ló dé tí o ò kàn wá a títí wàá fi rí i?"

"Ìyá tébi ń pa ti rù, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn oyin ló ń bá a gbé. Àwọn ni màá bi."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Láti ìgbà ìjì, èmi náà ní Ẹni tí mò ń wá tí n kò rí. Mo ṣáà ń kọrin lọ́jọọjọ́ Ìsinmi.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí wọ́n tún ṣí àpótí náà, Vernal fín èéfín, Icilda fa afárá náà yọ. Ẹyin ti di ìdin kéékèèké, wọ́n dùbúlẹ̀ sínú wàrà funfun. A yẹ etí rẹ̀ wò, a yẹ ìsàlẹ̀. Kò sí ilé tó dorí kodò kankan.

"Bóyá wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni," Vernal wí.

"Ọmọ tí ò níyàá ò ní dúró pẹ́ tó yìí. Gba ayaba ẹ, máa lọ sí Junction."

"Tẹ́ ẹ bá ṣì í ńkọ́?"

"A jẹ́ pé mo ṣì í. Fi ṣúgà díẹ̀ sílẹ̀ kí n fi bọ́ wọn."

Ó na àgò náà sí i. 

Òjò rọ̀, igi lógúwúùdù rúwé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pè mí lórí ọgbà: "Máa bọ̀, mú awò ojú ẹ dání!"

Ó yí afárá sí oòrùn. Nísàlẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan, nǹkan funfun tín-ín-rín kan dá dúró, ó kéré ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Ẹyin ni. Vernal, tó gbé bámì, àkàrà ẹ̀gẹ́, wá fún un, gba afárá náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ìyá ọ̀hún gan-an dà?"

"Ṣé mo mọ̀ ni?" Icilda wí. Ó dá afárá padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó bo àpótí, ó gbé òkúta lé e.

Ìgbàkígbà tó bá tún ń ṣí i, mo máa ń sọdá lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí n wá a. N kò tíì rí i.