Ẹ̀gẹ́ Tí Mo Fi Wàásù

Ẹni tó bá ń wá ẹ̀kọ́ nínú gbogbo nǹkan, kó rọra. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ojú mi ló sì rí i. Láyé ìgbà tí ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, tí ìrẹsì di oúnjẹ ọjọ́ ọdún, tíṣà ni mí nílùú Ọ̀yọ́. Mo tún wà lára àwọn tí àlùfáà wa máa ń fún láyè láti wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìjọ fẹ́ràn ìwàásù mi, nítorí n kì í wá ọ̀rọ̀ lọ jìnnà. Bí adìẹ ilé wa bá kọ ẹyin rẹ̀ sílẹ̀, ìwàásù dé. Bí ìdí ìkòkò bá dúdú, ìwàásù ni. Bí ọmọ mi kékeré bá ń sunkún torí ọ̀bẹ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí mò ń lọ. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọn á mi orí, wọn á ní, "Tíṣà, ìwàásù tiyín kì í fò wá lórí."

Ìdí ààrò ìyàwó mi ni mo ti ń kó gbogbo rẹ̀. N kò fìgbà kan tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan wà tí ìyàwó mi rẹ ẹ̀gẹ́ sínú ìkòkò ńlá lẹ́yìnkùlé, tó fẹ́ fi ṣe láfún. Bó bá ti di ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, ẹ̀gẹ́ á ti rọ̀, èèyàn á yọ ọ́, á fún omi rẹ̀ dànù, á sá a sórí àpáta. Ìyàwó mi kò yọ ọ́. Ó ní ibà ń ṣe òun, ó sì dùbúlẹ̀. Mo ra oògùn ibà fún un, mo gbàdúrà lé e lórí, mo gba iléèwé lọ. Nígbà tó di Sátidé, òórùn fà mí dé ẹ̀yìnkùlé. Mo ṣí ìkòkò, ìdin ń yí nínú rẹ̀ bí ìrẹsì tó ń hó. Mo pè é. Ó jáde, ó wo inú ìkòkò náà, ó sì bú sẹ́kún.

Mo ní, "Nítorí ẹ̀gẹ́? Ṣebí a máa rí òmíràn rà."

Ó padà sórí ẹní.

Lọ́jọ́ kejì mo gun àga ìwàásù. Mo ní obìnrin kan wà nílé èmi tíṣà yìí, ó rẹ ẹ̀gẹ́, ó gbàgbé rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́run ń fi ọ̀rọ̀ Rẹ̀ sínú ọkàn wa, tí à ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí ọkàn wa fi ń rùn, tó sì ń yọ ìdin. Mo fọwọ́ di imú, mo ṣe bí ẹni tó ń ṣí ìdérí. Ìjọ rẹ́rìn-ín débi pé àlùfáà fi aṣọ ìnujú bojú. Ìyàwó mi wà ní ìjókòó kẹta. Mo rí i pé kò rẹ́rìn-ín. Mo ní ojú ló ń tì í, mo sì rò ó pé ìtìjú díẹ̀ a máa ṣe ọkàn lóore.

Bí a ṣe jáde, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìyá Oníláfún! Ẹ kú ìgbàgbé o! Ìgbà wo la máa wá jẹun? Ẹ má wulẹ̀ ra ẹran o, ẹran ti wà nínú tiyín!"

Ẹ̀rín tún sọ. Orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́jà ni o, nídìí omi ẹ̀rọ ni o, Ìyá Oníláfún.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti iléèwé dé, mo bá ilẹ̀kùn ní títì. Aládùúgbò wa, télọ̀ kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, ló na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

"Ó ní kí n sọ fún yín pé Ògbómọ̀ṣọ́ lòun lọ, ọ̀dọ̀ ìyá òun. Òun àtàwọn ọmọ." Ó ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, kò wò mí. "Tíṣà, ẹ má bínú sí mi o. Ṣùgbọ́n èmi kì í ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ láìkọ́kọ́ wọn ẹni tó máa wọ̀ ọ́."

Ẹ wo bí mo ti bà jẹ́ tó. Lójú ẹsẹ̀ ni ọkàn mi ní, ìwàásù rere nìyí.

Nígbà tó di Sátidé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé ìyá ìyàwó mi kò jìnnà sí Ọjà Igbó. Mo bá ìyá náà níwájú ilé níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Àna mi, ẹ dìde. Ẹ káàbọ̀."

"Màmá, ìyàwó mi ni mo wá bẹ̀. Mo mọ̀ pé mo dójú tì í nítorí ẹ̀gẹ́."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ẹ̀gẹ́ kẹ̀?" Ó wò mí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ẹ bi í pé kí ló mú un gbàgbé?"

N ò bi í.

"Oyún oṣù mẹ́ta ló bà jẹ́ lára rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin wà níléèwé. Òun nìkan ló fẹsẹ̀ rìn lọ sí dísípẹ́ńsárì, òun nìkan ló rìn bọ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní, "Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

Inú ilé ni èsì ti wá. Ohùn ìyàwó mi ni. "Kí ẹ lè fi wàásù?"

Ó jáde. Ó ti rù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Mo ní bí mo bá ti dé Ọ̀yọ́, iwájú gbogbo ìjọ ni màá ti jẹ́wọ́ pé èmi ni mo ṣẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé láti inú ọkọ̀ ni mo ti ń to ìjẹ́wọ́ náà sí orí mẹ́ta, bí ìwàásù.

Ó jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ tún fẹ́ gbé mi gun àga yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má sọ ọ́. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Èmi nìkan ni mo padà. Mo lọ bá àlùfáà, mo ní kó yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn oníwàásù. Ó bi mí nídìí, n ò lè sọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń sọ ọ́ nínú ìjọ pé èmi àti àlùfáà ló jà. Àwọn mìíràn ní ìyàwó kejì ni mo fẹ́ fẹ́, pé òun ló jẹ́ kí tilé kó lọ. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo jókòó sẹ́yìn, mo pa ẹnu mi mọ́.

Níbẹ̀ ni mo ti wá ń ro ti Olúwa wa. Òun náà fi nǹkan ilé kọ́ni: ìwúkàrà, fìtílà, obìnrin tó ń gbálẹ̀ wá owó. Ṣùgbọ́n títí dòní, ta ló mọ ilé tí obìnrin yẹn ń gbé? Ta ló pàdé rẹ̀ lọ́nà odò tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Ọ̀nà ìkọ́ni Rẹ̀ ni mo mú, mo fi àánú Rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyàwó mi padà wálé lẹ́yìn oṣù méjì. Kò bá mi jà. Ó ń dáná, ó ń kí mi kú iṣẹ́, ó ń kí mi kú àbọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń dà sílẹ̀ bó bá ń dáná, pé ọmọ ṣe báyìí, pé aládùúgbò sọ báyìí, wọ́n tán. Bí mo bá yọjú, á dákẹ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé báyìí la ó ṣe máa darúgbó lọ.

Ó lé lọ́dún kan kí ìrọ̀lẹ́ kan tó dé tí a jọ jókòó, tó ń bó ọsàn. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ì bá ti máa rákòrò báyìí."

Ọ̀rọ̀ ìtùnú mẹ́rin, márùn-ún ló sáré wá sẹ́nu mi. Mo gbé wọn mì.

Mo ní, "Sọ bó ṣe rí lọ́jọ́ náà fún mi."

"Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ ọ lóòótọ́?"

"Mo fẹ́ gbọ́."

Ó sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kí n tó kọ ìwé yìí, mo bi í léèrè. Ó ní kí n kọ ohun tí mo ṣe, kí n má fi oyin sí i. Ó ní èyí tí òun sọ nírọ̀lẹ́ yẹn, kí n fi í sílẹ̀. Mo fi í sílẹ̀.