Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ mi bèèrè níbi iṣẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkàn mi bàjẹ́ gan-an lónìí.

Mo lọ ra ṣájà fóònù ní Computer Village, ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á bá dọ̀bálẹ̀ fún mi. Àṣé Kúnlé ni, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ní pólì! Èmi ni mo kọ́ wọn ní kọ́ọ̀sì tí gbogbo wọn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, èyí tá a fi ń kọ́ èèyàn láti ronú kó sì sọ̀rọ̀ láwùjọ. Kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó Kúnlé nínú kíláàsì yẹn.

Mo ní, "Kúnlé, ṣebí o ti ríṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró ní Ìkẹjà?"

"Wọ́n ti lé mi, mà. Omi aró ni wọ́n ń dà sí gọ́tà tó gba ẹ̀yìn ilé àwọn èèyàn kọjá l'Agége. Ara ń yún àwọn ọmọ wọn. Mo wá bèèrè nípàdé àwọn òṣìṣẹ́ pé kí ló dé tá ò kọ́kọ́ sẹ́ ìdọ̀tí inú omi náà kúrò ká tó dà á nù. Bẹ́ ẹ ṣe kọ́ wa ni mo ṣe sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọ̀gá ní mo ń ta ko iléeṣẹ́, ló bá ní kí n máa lọ."

"Àwọn ará àdúgbò ńkọ́? Ṣé wọn ò gbè ọ́ ni?"

"Wọn ò gbè mí o, mà. Lánlọ́ọ̀dù kan tiẹ̀ sọ pé ṣe ni mo fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọmọ òun tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ náà lọ́wọ́."

Mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú ni. Ó ní òun ò kábàámọ̀, àmọ́ ojú ẹ̀ ò jọ bẹ́ẹ̀.

Mo ní kíláàsì láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa sọ fáwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní kọ́ọ̀sì yìí kan náà?