Ojúlówó Kí Ni? Ìjókòó Alùpùpù Tó Kó Èèwọ̀ Sí Mi Lẹ́nu

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé e mì ná. Ọ̀rọ̀ yìí kò dára fún ẹni tí òkèlè wà lẹ́nu rẹ̀. Ìkàrẹ́ níbí ló ti ṣẹlẹ̀ sí èmi Bùráímọ̀ oníṣẹ́ awọ, mo sì ń tutọ́ títí dòní.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Gàárì ẹṣin, bàtà, àkọ̀ ọ̀bẹ, àpò Kùránì, kò sí èyí tí n kò lè rán. Ẹ sì mọ̀ pé ilé abọ̀rìṣà ni wọ́n bí mi sí, kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kírun. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Àmínátù, ọmọ Àáfà àgbà àdúgbò wa, ni mo fẹ́ fẹ́. Ọmọ gbà, ìyá rẹ̀ gbà. Bàbá ńkọ́? Bàbá ní òun kò tíì mọ ohun tó wà nínú mi. Ó ní ẹni tó fi ogún ọdún jẹ ẹran ìdí òrìṣà, ta ló mọ̀ bóyá ó ti kúrò níkùn rẹ̀? Ọdún kan gbáko ni mo fi bẹ̀ ẹ́ kó tó dá Jímọ́ọ̀ kan fún yìgì wa.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí Jímọ́ọ̀ náà pé nígbà tí Tíṣà dé sí ìsọ̀ mi.

Tíṣà yìí ń kọ́ àwọn ọmọdé ní a-b-d ní Ọ̀kà. Nígbà tí òyìnbó tó ń wọn ọ̀nà mọ́tò fẹ́ padà sílé, òun ló ra alùpùpù lọ́wọ́ rẹ̀. Òun nìkan ló ní in ní gbogbo agbègbè wa! Ṣùgbọ́n eku ti jẹ ìjókòó rẹ̀ tán kó tó rà á. Ló bá ká àpò ìdọ̀họ, ó so ó mọ́ irin, ó ń jókòó lé e. Ẹ sì mọ òkúta tó wà lọ́nà Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́! Nígbà tó bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ń rìn bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dábẹ́ fún. Mo ní kó jókòó. Ó ní òun dúpẹ́, òun á dúró.

Ó ti ránṣẹ́ sí Èkó pé kí wọ́n bá òun ra ìjókòó tuntun, àmọ́ ti oríṣi alùpùpù mìíràn ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ihò ìdí rẹ̀ kò bá ihò ara irin mu. Imú rẹ̀ gùn, ó ń ta mọ́ agolo epo. Etí rẹ̀ méjèèjì sì fẹ̀ débi pé itan kò ráyè. Tíṣà ní tí òun bá dá a padà sí Èkó, òjò á rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn á dé, òun kò ní tíì rí òmíràn.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé e kó gbà. Ìdí mi ti bó!”

Mo gbà. Ẹni tó ń rán gàárì ẹṣin, ṣé ti alùpùpù ló máa wá ṣòro fún un? Mo tú awọ kúrò, alágbẹ̀dẹ gba irin lọ láti tẹ̀ ẹ́ kó sì lu ihò tuntun, èmi dojú kọ awọ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, awọ náà wù mí. Ó rọ̀, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ní ihò wínníwínní lára, mẹ́ta-mẹ́ta. Mo ní irú awọ wo rèé? Kì í ṣe ti ewúrẹ́, kì í ṣe ti màlúù, ti àgbọ̀nrín kò sì rí bẹ́ẹ̀. Tíṣà ní awọ òyìnbó ni. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní ṣé òyìnbó ni wọ́n bó láwọ ni? Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kò dénú.

Wọ́n fi wúrà tẹ lẹ́tà sára etí rẹ̀ kan. Èmi mọ álífù díẹ̀, n kò mọ a-b-d rárá. Mo bi Tíṣà pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó wo lẹ́tà, ó wo ojú mi, ó ní “ojúlówó” ni wọ́n kọ. Mo ní ẹn-ẹ́n! Ọwọ́ mi ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀.

Wàyí o, ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ wa, okùn awọ kì í gba inú ihò kọjá ní gbígbẹ. Tí ẹ bá sì rẹ ẹ́ sómi, ó máa le gbagidi tó bá gbẹ. Itọ́ ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń lò. Ẹ ó kó okùn náà sẹ́nu, ẹ ó máa fà á jáde díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń rán. Ibi tí ojú rírán bá wú, ẹ ó fi eyín tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ọ̀kan nínú etí ìjókòó náà tí mo gé kúrò ni mo là ní okùn, kí àwọ̀ rẹ̀ lè bára mu.

Ọjọ́ mẹ́ta! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni nǹkan yìí fi wà lẹ́nu mi. Mo ń jẹ ẹ́, mo ń gbé omi rẹ̀ mì. Ó tiẹ̀ ń dùn mọ́ mi lẹ́nu bí ìgbà tí ọ̀rá bá wà nínú ọbẹ̀, mo sì ń pọ́n ètè lá! Yéè! Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n tutọ́ ná.

Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà wá wo iṣẹ́. Ó bá okùn lẹ́nu mi. Ó bi mí bóyá dandan ni kó wọ ẹnu. Mo ní iṣẹ́ wa kò rí bẹ́ẹ̀ láìsí ẹnu. Ó la ẹnu tirẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé, ó ní kí òun lọ wo ibi tí alágbẹ̀dẹ bá iṣẹ́ dé. Ẹ fi ọkàn sí ibẹ̀ yẹn o.

Ìjókòó gbà. Ó gbà rẹ́gí! Tíṣà gùn ún lọ sókè, ó gùn ún bọ̀, ó ń hó bí ọmọdé. Mo ní kó jọ̀wọ́ fún mi ní etí tó kù, èyí tó ní wúrà lára. Ikọ́ kékeré kan gbé e. Ó ti ń ta ẹsẹ̀ sí alùpùpù, ó wá ń pariwo láàárín pù-pù-pù pé ohunkóhun tó bá ṣẹ́kù, tèmi ni. Mo ní kó má gbàgbé yìgì mi.

Kí ni mo fi etí náà ṣe? Mo rán àpò Kùránì fún Bàbá, awọ ewúrẹ́ pupa, mo sì rán wúrà náà mọ́ iwájú rẹ̀ gangan. Mo ní bí Bàbá bá ti rí “ojúlówó” yìí, á mọ̀ pé ojúlówó Mùsùlùmí lòun fẹ́ fi ọmọ fún.

Jímọ́ọ̀ pé. A kírun tán, a kóra jọ sí ojúde Bàbá. Mo gbé àpò fún un. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi! Ó gbé e kan iwájú orí, ó fi ẹnu kò ó. Ó bi mí pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo gbé àyà sókè, mo ní “ojúlówó” ni, Tíṣà ló kà á fún mi.

Gbogbo ojú yí sí Tíṣà. Ojú rẹ̀ ti rí bí eérú. Ó fà mí lápá lọ sẹ́yìn ògiri, ó ní òun kò mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ fi ṣe nìyí. Ó ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ìdajì lòun kà fún mi.

Mo ní, “Ojúlówó kí ni?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ojúlówó awọ ẹlẹ́dẹ̀.”

Ara mi ló kọ́kọ́ gbọ́ kí orí mi tó gbọ́. Mo bì. Mo bì sára ògiri, mo bì sára agbádá mi tuntun. Ẹlẹ́dẹ̀! Ọjọ́ mẹ́ta! Ó mọ̀! Ó dúró síwájú mi, ó ń wò mí bí mo ṣe ń jẹ ẹ́! Ó ní ìdí tó ń ro òun ni kò jẹ́ kí òun sọ, nítorí tí òun bá sọ, n kò ní fọwọ́ kàn án. Ó wá ní kí n dákẹ́, pé kò sẹ́ni tó lè ka lẹ́tà náà ní gbogbo ojúde yìí àyàfi òun, kí wọ́n so yìgì tán ná.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí lẹ máa ṣe? Mo yọjú. Bàbá ti tú Kùránì kúrò nínú aṣọ, èyí tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ kọ, ó ti la ẹnu àpò, ó fẹ́ kì í bọ̀ ọ́.

N kò mọ ìgbà tí mo sáré. Mo já àpò náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀! Ariwo ta. Wọ́n ní ó tán, òrìṣà ilé bàbá mi ti gùn mí! Mo wá ń ké pé ẹlẹ́dẹ̀ ni, awọ ẹlẹ́dẹ̀ ni, ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà lẹ́nu mi, n kò mọ̀, wàllàhí n kò mọ̀.

Bàbá fi ọwọ́ nu ètè. Ó tutọ́, ó tún tutọ́. “Aúsù bíllàhi!” Ó bi mí bóyá àpò ti kan Kùránì. Mo ní rárá, Bàbá, ẹnu yín nìkan ló kàn. Ó bi mí ta ló tún mọ̀. Mo ní Tíṣà, òun ló ní kí n dákẹ́ títí wọ́n á fi so yìgì.

Bàbá ní, “Ìwọ kò fẹ́ ìyàwó ni?”

Mo ní, “Mo fẹ́ ẹ, Bàbá. Mo fẹ́ ẹ gan-an.” Ẹkún ti gbà mí.

Bàbá ní kí wọ́n gbé omi wá. Èmi àti òun jọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a yọ́ ẹnu nígbà méje. Ó wá bu iyẹ̀pẹ̀ fún èmi nìkan. Ó ní kò sẹ́ni tó pa á láṣẹ pé kí n fi iyẹ̀pẹ̀ fọ ẹnu, ṣùgbọ́n ojú òun kò gbà á bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àwọn èèyàn. Ó ní ọdún kan lòun fi ń wá ohun tó wà nínú mi, òun ti rí i wàyí, ó wà lẹ́yìn ògiri lọ́hùn-ún níbi tí mo bì í sí. Ó ní kí wọ́n máa so yìgì lọ.

Nígbà tí wọ́n bi mí bóyá mo gba Àmínátù, mo ní mo gbà, iyẹ̀pẹ̀ sì ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ láàárín eyín mi.

A ri àpò náà mọ́lẹ̀. Tíṣà ti wá tọrọ àforíjì, mo sì ti forí jì í. Ṣùgbọ́n inú mi kò tíì gbà. Bí mo bá gbọ́ pù-pù-pù lọ́nà, itọ́ ni. Bí Àmínátù bá sì gbé oúnjẹ wá, á kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ti yọ́ ẹnu.

Ẹ gba ìmọ̀ràn mi: bí wọ́n bá ní ojúlówó ni, ẹ bi wọ́n pé ojúlówó kí ni! Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ fún yín rí, ibo ni ẹ ti bá ìdajì tó kù? Ẹ sọ tiyín kí n gbọ́, kó má jẹ́ èmi nìkan ni ojú ń tì. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Tèmi náà dé inú, ó sì di odidi ẹlẹ́dẹ̀.