Ìwúkàrà tí Màámi Da Omi Sí

Ọdún tí bàbá wa kú ni mo lọ mú Màámi láti Èkìtì wá sí ilé wa ní Jikwoyi. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó gbà, torí ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á máa dá gbé inú ilé ńlá tí bàbá wa fi sílẹ̀. Oṣù kan ò tíì pé tí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ padà. "Kí ni mò ń ṣe níbí? Gbogbo yín á jí, ẹ ó lọ síbi iṣẹ́, èmi á wá máa wo ògiri." Wọn ò parọ́. Mo máa ń tètè jáde nílé torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Nyanya.

Àsìkò yẹn ni mo ń fi fóònù kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì tí kò nílò yíìsì. Fúláwà àti omi lásán ni wọ́n ń pò sínú ìgò, wọ́n á máa fi fúláwà tuntun kún un lójoojúmọ́ títí á fi kan, tí á sì máa hó fúnra rẹ̀. Ìwúkàrà inú Bíbélì gan-an nìyẹn. Màámi ò fẹ́ràn búrẹ́dì tí à ń rà, wọ́n ní ṣúgà rẹ̀ ti pọ̀ jù. Èmi wá rò ó pé bí mo bá lè ṣe búrẹ́dì tó bá wọn lẹ́nu mu, wọ́n á dúró. Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹfà, ìwúkàrà mi wú dé ẹnu ìgò. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi han gbogbo ọ́fíìsì. Nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́, omi ló bò ó mọ́lẹ̀.

"Ògì rẹ ti fẹ́ bàjẹ́," ni Màámi wí, "mo ti bá ọ pààrọ̀ omi rẹ̀."

Kai! Mo figbe ta. "Màámi, ta ló rán yín níṣẹ́? Ṣé ẹ ò lè jókòó jẹ́ẹ́ ni?" Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Wọ́n wọ yàrá lọ, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń fa síìpù báàgì.

Mo sáré tẹ̀ lé wọn, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo sì ṣàlàyé ohun tó wà nínú ìgò. Wọ́n gbé báàgì sílẹ̀.

"Ṣé torí nǹkan kíkan lo ṣe ń pariwo mọ́ ìyá ẹ? Èmi tí mo fi ògì títà rán yín níléèwé? Dìde. Fúláwà dà?"

Ògì tí wọ́n sẹ́ fúnra wọn wà nílé. Wọ́n rọra da omi kíkan ojú rẹ̀ sínú abọ́, wọ́n fi po fúláwà, wọ́n sì da aṣọ bò ó. Láràárọ̀ ni wọ́n ń ṣí i, tí wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀, tí wọ́n ń fi fúláwà kún un. Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ń hó yaya.

Ní Sátidé, a fi díẹ̀ nínú ìwúkàrà náà po fúláwà sínú páànù, a da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ńlá kan lórí gáàsì, a gbé páànù búrẹ́dì wa sínú rẹ̀, a dé e. Èèpo búrẹ́dì náà le díẹ̀, apá kan sì jóná, àmọ́ inú rẹ̀ rọ̀. Màámi jẹ ẹ́, wọ́n tún bù sí i. Wọ́n ní iyọ̀ rẹ̀ ò tó.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àbúrò mi pè wọ́n láti Adó, ó ń béèrè ọjọ́ tóun máa wá mú wọn.

"Mi ò tíì ráyè," ni mo gbọ́ tí wọ́n wí. "Ta ni kí n fi ìwúkàrà mi sílẹ̀ fún? Ẹ̀gbọ́n rẹ aláriwo yìí?"

Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Mo wọ kíṣìnnì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì sunkún díẹ̀.