Ẹsẹ̀ Òsì Ọ̀gá

Bí o bá bá àbúrò mi obìnrin rìn jáde, inú á bí ọ. Kì í wo ojú èèyàn, ẹsẹ̀ wọn ló ń wò. "Ìbàdí ń dun ìyẹn." "Baba yẹn ò ní pẹ́ mú ọ̀pá." Mo ní kó fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀, ó ní iṣẹ́ òun ni. Òótọ́ ni. Fisió ni ní ilé ìwòsàn ìjọba: àwọn tí apá tàbí ẹsẹ̀ wọn rọ, tí eegun wọn dá, òun ló ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dìde tí wọ́n á tún rìn. Ojú Àṣá ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ọ̀gá wọn ló sì sọ ọ́ lórúkọ náà.

Ọ̀gá yìí, obìnrin tó ga, tí kì í jágbe mọ́ èèyàn, ló gbà á síṣẹ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n á mú un dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìtọ́jú, wọ́n á ní kó wo ìrìn aláìsàn dáadáa kí aláìsàn náà tó jókòó. Wọ́n ní ẹnu lè parọ́, ìrìn ò mọ irọ́ pa.

Ọdún tí ipò igbákejì ọ̀gá ṣófo ni ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ti retí ipò yẹn títí, àwọn tó kọ́ níṣẹ́ ti ń lọ sókè níbòmíì, òun wà lójú kan. Ó kọ̀wé, wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ó dé lọ́jọ́ kan láti ibi iṣẹ́, kò bọ́ bàtà, ó jókòó tì mí ní ilé ìdáná.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ọ̀gá ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì."

"Bóyá ó rẹ̀ wọ́n ni."

"Kì í ṣe rírẹ̀. Ọwọ́ òsì wọn náà kì í fì mọ́ tí wọ́n bá ń rìn. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ inú orí ló ti ń wá."

Mo bi í bóyá ó ti sọ fún wọn.

"Kí n sọ kẹ̀? Wọ́n wà lára àwọn tó máa fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò! Wọ́n á ní mo ti ń fẹ́ lé àwọn kúrò lórí àga. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ipò yìí ná."

"Bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Sọ ọ́ lọ́la."

Ó ní n ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé iṣẹ́ ìjọba. Mo fi í sílẹ̀, inú ń bí mi.

Láti ìgbà náà ló ti ń mú ìròyìn wálé bí ẹni tó ń wo òjò tó ń ṣú bọ̀. Lónìí, bàtà Ọ̀gá ń ha ilẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ míì, ife já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn yòókù náà sì ti rí i, nítorí bí wọ́n bá ń bá Ọ̀gá rìn, apá òsì ni gbogbo wọn ń bọ́ sí, nítorí ẹ̀gbẹ́ tí kò lágbára ni fisió máa ń dúró sí de ẹni tó lè ṣubú. Ó ti di arí-ì-gbọdọ̀-wí. Àwọn tó mọ̀ jù nípa ìrìn láyé, wọ́n panu mọ́!

Nígbà tí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ku dẹ̀dẹ̀, Ọ̀gá wọ bàtà tuntun wá. Wọ́n pe àbúrò mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n rìn lọ, wọ́n rìn bọ̀ níwájú ẹ̀.

"Ojú Àṣá, báwo lo ṣe rí i?"

Ó rí ìka ẹsẹ̀ tó ń gbá ilẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàtà yẹn yẹ yín gan-an, mà."

"O ṣeun," ni Ọ̀gá wí, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n bi í pé kí ló máa ṣe bó bá rí ohun tó léwu níbi iṣẹ́. Ó ní lójú ẹsẹ̀ lòun máa sọ ọ́, ẹni yòówù kí ọ̀rọ̀ kàn. Irọ́ funfun báláú! Gbogbo wọn mi orí pé ó dára, wọ́n sì fún un ní ipò náà.

Ó ṣèlérí fún mi pé ọjọ́ tóun bá wọlé gẹ́gẹ́ bí igbákejì lòun máa sọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá nígbà tó gbọ́ igbe láti yàrá ìtọ́jú. Ọ̀gá ti ṣubú láàárín àwọn irin tí aláìsàn máa ń dì mú kọ́ ìrìn. Apá òsì wọn ti rọ, ẹnu wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ta ni wọ́n ní kó máa tọ́jú wọn? Òun náà ni. Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá kọ́kọ́ lè jókòó, àbúrò mi kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó di orúnkún tí kò mọ nǹkan kan mọ́ mú.

"Ẹ dárí jì mí, mà. Mo rí i."

Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu Ọ̀gá díẹ̀díẹ̀.

"Ó ń ṣe mí bákan, àmọ́ ta ló lè wo ìrìn ara ẹ̀? Mo ti gba ọjọ́ tí mo máa lọ rí dókítà. Mo wá ní kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí ìwọ wò mí ná. Nígbà tó o wò mí tán, tó o rẹ́rìn-ín, ọkàn mi balẹ̀. N ò lọ mọ́."