Bàbá Gàfárù, Ẹni Tó Ń Ná Ọjọ́

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 2019, èèyàn mẹ́ta ló wọ ilé ìkàwé Bẹyẹrunká. Méjì béèrè ibi tí wọ́n ti lè tọ̀. Ẹnì kẹta ni Bàbá Gàfárù aránfìlà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì. Ó gbé ìwé kan tó kún fún àwòrán ọkọ̀ ojú omi ka orí tábìlì Hikmat, alábòójútó tuntun.

"Ọjọ́ mélòó lo fẹ́ fún mi?"

"Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni, Bàbá."

"Mẹ́rìnlá kẹ̀! Fún mi ní ọgọ́ta."

"Òfin ni, Bàbá. A kì í ná an."

"Kí la kì í ná n'Íbàdàn? Ààwẹ̀ gan-an, ọgbọ̀n ọjọ́ la ń pè é. Tí a bá tètè rí oṣù, Ọlọ́run a gba mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

Bàbá fi ìwé sílẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ bí oníbàárà tó fẹ́ kí wọ́n pe òun padà. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó kọjú sí títì fún bí ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, láìbojú wẹ̀yìn: "Ṣé o ò ní pè mí ni?"

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Hikmat nígbà náà. Òkè-Àdó ló ti ń wá. Òun ló gba èsì tó dára jù nínú kíláàsì rẹ̀ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í kọjá eyín. Ọ́fíìsì ìjọba tó gbà á síṣẹ́ fún un ní lẹ́tà kan: bí ọgọ́rùn-ún èèyàn kò bá forúkọ sílẹ̀ kí oṣù kẹfà tó parí, wọn á ti ilẹ̀kùn, wọn á sọ yàrá náà di ibi ìkó-àga-tó-kán-sí. Ọ́fíìsì yìí kò rán ìwé kan ṣoṣo wá láti ọdún mẹ́sàn-án. Àga tó kán ni wọ́n ní lọ́pọ̀.

Bàbá Gàfárù ka ìkìlọ̀ tí Hikmat fi ìṣó kàn mọ́ ògiri: ỌJỌ́ MẸ́RÌNLÁ. KÒ SÍ ÀFIKÚN.

"Ìwọ lo lé àwọn èèyàn lọ," ó ní. "Ẹni tó ń ná ọjà, ó fẹ́ rà á. Ẹni tó kí ọ tó kọjá lọ, òun ni kó o bẹ̀rù."

Hikmat tún òfin kà dáadáa. Alábòójútó láṣẹ láti sún un dé ọgbọ̀n ọjọ́. Ó já ìkìlọ̀ náà kúrò lára ògiri, ìṣó nìkan ló ṣẹ́ kù. Zulaihat, obìnrin tó ń ránṣọ lẹ́bàá Mápó, ló kọ́kọ́ ná ọjọ́. Ó bẹ̀bẹ̀, ó bínú, ó rẹ́rìn-ín, ó gba ogún ọjọ́. Ó lọ sọ káàkiri Ọjà'ba pé òun rẹ́ ìjọba jẹ. Lọ́jọ́ kejì, èèyàn mẹ́sàn-án wá láti wá rẹ́ ìjọba jẹ.

Bàbá kò sinmi. Ó ní kí Hikmat dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó polówó ìwé.

"Bàbá, mo ka ìwé gboyè o."

"Ta ló gbọ́?"

Hikmat la ẹnu, ó ní, "Ìwé rèé o." Ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò yíjú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá ń mú un káàkiri agbo ilé láti wá ẹni tó máa forúkọ sílẹ̀, láti Bẹẹrẹ títí dé Kúdẹtì. Ilé kan, ó ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí." Ilé kejì, "Ìyàwó ọmọ mi nìyí." Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ fi máa dé, Hikmat ti ní ọkọ mẹ́ta tí kò rí rí, ìyá ọkọ méjì sì ti ń bá a wí pé kì í wá kí àwọn.

Síbẹ̀, Bàbá fúnra rẹ̀ kò forúkọ sílẹ̀. Ọgọ́ta ló dúró lé. "A ò tíì ná an tán," ni yóò máa wí. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó sí kọ̀rọ̀, tó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ nínú ìwé ọkọ̀ ojú omi, òun tí kò rìn kọjá Ìwó rí.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn tí wọ́n dá, Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè wá láti ọ́fíìsì. Ó ka orúkọ. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Ó pa ìwé dé, ó dìde, ó kọjú sí ilẹ̀kùn.

"Pè é padà!" Bàbá ké láti kọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ padà wá!" Ohùn Hikmat ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. "Aago mélòó ni òní ń parí?"

"Aago mẹ́rin."

"Aago méjì la wà. Ẹ jókòó."

Ó bọ́ sí títì. "Ìwé rèé o! Mẹ́ta ló kù o! Ẹ wá rẹ́ ìjọba jẹ o!" Ewúrẹ́ fò dìde, ó sá lọ. Obìnrin méjì tó ń ta òwú sáré wọlé, wọ́n forúkọ sílẹ̀. Ó ku ẹyọ kan. Hikmat yíjú sí kọ̀rọ̀.

"Ọgbọ̀n, Bàbá. Ibi tí agbára mi mọ nìyẹn."

Bàbá Gàfárù gba bírò. "Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n," ó ní. "Mo ti rí oṣù."

Ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ìwé ọkọ̀ ojú omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti yá a fún ìgbà kẹtàdínlógún, ó sì ku ọjọ́ mọ́kànlá kí ọjọ́ rẹ̀ pé. Lẹ́yìn àdúà fìdáù, Sìdí ọmọ rẹ̀ gbé e wá. Fìlà kan wà láàárín ojú ìwé, wọn ò tíì rán an tán, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀.

"Wọ́n ní a kì í dá abọ́ aládùúgbò padà lófìfo," Sìdí wí. "Ṣé ọjọ́ ò tíì lé?"

Hikmat kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Òní ló pé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

Fìlà náà wà lára ìṣó ògiri báyìí, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Lẹ́tà míì dé lóṣù tó kọjá. Igba ni wọ́n ń béèrè. Mẹ́rìnlélọ́gọ́sàn-án ló wà nílẹ̀. Bàbá Gàfárù kò sí níbẹ̀ mọ́ láti mú ẹnikẹ́ni káàkiri, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí sì ti kọjá níwájú ilẹ̀kùn yẹn láìmọye ìgbà. Ẹ dìde. Ẹ lọ. Hikmat á ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ni. Ẹ ná an.